Pásítọ̀ Moses Ará League City

Irọ́ náà kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi jáde lẹ́nu Olúwabùnmi. Ọjọ́ Sátidé ni. Ó ń bẹ iṣu ní ilé ìdáná bàbá rẹ̀ ní Richmond, lẹ́bàá Houston, bàbá rẹ̀ sì wá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bùnmi, ta ni ọkùnrin tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ìgbà yìí?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Bùnmi. Láàárín ọdún méjì, ọkùnrin méjì ti wá tọrọ rẹ̀ nínú ilé yẹn, bàbá rẹ̀ sì ti dá àwọn méjèèjì padà. Dókítà ni èkíní. Bàbá rí i tí ó mu bíà níbi ìsọmọlórúkọ. Èkejì kò mọ ibi tí ìwé Hábákúkù wà nínú Bíbélì. Bàbá Cornelius Láyíwọlá wá sí Houston gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 1979, ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ẹnjiníà kó tó fẹ̀yìn tì, àgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti sọ ọ́ láìfi bò pé ẹni tó bá mọ àdúrà í gbà nìkan ni òun máa fi ọmọ òun fún.

"Pásítọ̀ ni, sir," ni Bùnmi wí.

Ojú Bàbá là. "Pásítọ̀ kẹ̀? Pásítọ̀ wo? Ìjọ wo?"

Bùnmi tún mú ọ̀bẹ, ó ń bẹ ibi tó ti bẹ tẹ́lẹ̀. Àǹtí Helen, àbúrò ìyá rẹ̀, ń ro ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà, àánú rẹ̀ ṣe é. Kò gbé ojú kúrò lórí ìkòkò nígbà tó sọ pé, "Pásítọ̀ Moses ni, Dádì Bùnmi. Ọ̀dọ̀ wa ní League City ló wà. Ìjọ kékeré ni."

Báyìí ni irọ́ ṣe ní orúkọ, tó sì tún ní àdúgbò tó ń gbé.

Mùsílíù Mákánjúọlá ni orúkọ ọkùnrin náà gan-an. Ọmọ Ìdí-Ìrókò ni, ní ẹnubodè. Kútọnu ló ti kàwé kí ó tó rí ọ̀nà wá sí Amẹ́ríkà. Mùsùlùmí ni òun àti gbogbo ìran rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa epo ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Deer Park, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Etí freeway ni òun àti Bùnmi ti pàdé ní oṣù kẹjọ, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí Bùnmi ń ti fámásì kan bọ̀ tí ó ti lọ bá wọn ṣiṣẹ́ lápá ibẹ̀. Táyà rẹ̀ bẹ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, oòrùn ń pa á. Ọkùnrin kan páàkì sẹ́yìn rẹ̀, ó kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì. Ọ̀kan nínú wọn kò tú. Ni Bùnmi bá gbọ́ tí ó ń rọra bá nọ́ọ̀tì náà sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí. Ẹ ò rí arẹwà tó ń wò wá ni?"

"Mo gbọ́ o," ni Bùnmi wí.

Ọkùnrin náà fẹ́ yára dìde, ó sì fi orí gbá ara ọkọ̀. Bùnmi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Tí Mùsílíù bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, á pè é. Tí Bùnmi bá rí ìpè rẹ̀, á sá lọ sí ẹ̀yìn fámásì tó ti ń ṣiṣẹ́, á dúró láàárín àwọn páálí oògùn, á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Ní ọjọ́ kejì irọ́ yẹn, ó wa ọkọ̀ lọ bá a ní Deer Park láti sọ fún un.

"O ní kí ni mo jẹ́?"

"Pásítọ̀."

"Bùnmi, Mùsílíù ni mò ń jẹ́."

"Moses ni o ń jẹ́ nílé wa báyìí. Jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí wọ́n kàn rí ẹ, kí wọ́n fẹ́ràn ẹ. Lẹ́yìn náà, a ó jọ sọ òtítọ́ fún wọn."

Mùsílíù jókòó. "Tí ìyá mi bá gbọ́ pé mo sẹ́ orúkọ bàbá wọn tí wọ́n sọ mí ńkọ́?"

"Wọn ò ní gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Mùsílíù tún wí, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá òun lójú.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé náà, ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá sáré gbá a léjìká mú. "Rárá o, Pásítọ̀. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kì í dọ̀bálẹ̀ nílé mi. Ẹ dìde. Ẹ jókòó. Kí ni ẹ máa jẹ?" Bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní "ẹ"! Etí Mùsílíù gbóná. Nígbà tí oúnjẹ dé, Bàbá ní kí ó gbàdúrà. Iléèwé àwọn ìjọ Áńgílíkà ni Mùsílíù lọ ní kékeré, ó ṣì rántí bí àwọn tíṣà ṣe máa ń gbàdúrà níbẹ̀. Ó di ojú, ó sì fi ohùn tútù gbàdúrà fún ilé tí ìyá ti jáde lọ, fún àga tó ṣófo nídìí tábìlì. Nígbà tó ṣe àmín, Bàbá ń fi ọwọ́ nu ojú.

Bùnmi nìkan ni kò di ojú. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: ẹni tó lè fi irú ohùn yìí tan bàbá mi, kí ni kò lè fi tan èmi?

Oṣù mẹ́ta kọjá báyẹn. Gbogbo Sátidé ni Bàbá ń retí Pásítọ̀ Moses. Ní ọjọ́ kan, ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì sì jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan gbáko. Bùnmi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó rí i tí bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí ó tẹ orí ba. Ó rí i pé Mùsílíù kò la ẹnu rárá. Nígbà tó sin Mùsílíù dé ìdí ọkọ̀, ó bi í pé kí ni wọ́n sọ.

"Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ."

"Fún èmi?"

"Pásítọ̀ ni wọ́n rò pé àwọn ń sọ ọ́ fún. Bùnmi, ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ ká sọ fún wọn lónìí."

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo ti fún ẹ."

"Ọ̀kan ṣoṣo, Mùsílíù. Jọ̀ọ́."

Ó wọ ọkọ̀, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé tí fíìmù fi dé. Ìyá Bùnmi, Màmá Mojọlá, tíṣà èdè Faransé ni, ní Abẹ́òkúta àti níhìn-ín ní Houston. Ó ní fíìmù Faransé kan tó máa ń wò ní gbogbo ọdún Kérésì, òun nìkan, tí yóò máa rẹ́rìn-ín títí yóò fi máa wúkọ́. Kò sí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Bùnmi kò kọ́ Faransé, Bàbá kò gbọ́ ọ. Nígbà tí Bàbá wá gbọ́ pé Kútọnu ni Pásítọ̀ ti kàwé, ó lọ gbé fíìmù náà wá láti inú àpótí aya rẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo fi ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti yàrá kejì," ni Bàbá wí. "Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Pásítọ̀, ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀."

Ta ló máa sọ pé rárá? Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, Mùsílíù sún mọ́ ọn, Bùnmi àti Àǹtí Helen jókòó lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwo ṣin-ṣin. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Olè méjì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan sanra, ń sá fún ọlọ́pàá. Wọ́n wọ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, wọ́n sì kó aṣọ tó wà lórí okùn wọ̀.

"Aṣọ kí ni wọ́n wọ̀ yẹn?" ni Bàbá bèèrè.

Mùsílíù sún sẹ́yìn lórí àga. "Aṣọ... aṣọ àlùfáà ni, sir. Àwọn ará abúlé wá rò pé àlùfáà ni wọ́n lóòótọ́."

Ṣin-ṣin há Àǹtí Helen lọ́fun. Bùnmi gbá a lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí èyí tó sanra ka ìwé oúnjẹ bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ajá burúkú kan lé e yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Láti ọdún méjì, Bùnmi kò tí ì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbá orúnkún Mùsílíù, ó ń sọ pé, "Pásítọ̀, ẹ wo àwọn oníyẹ̀yẹ́!" Mùsílíù sì ń túmọ̀, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tútù bí yìnyín.

Fíìmù dé ìparí. Ọmọ oníbúrẹ́dì abúlé náà fẹ́ ṣègbéyàwó, ọkọ àti ìyàwó sì ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Olè tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó so wọ́n pọ̀. Ó ṣí ìwé. Ó pa á dé. Ó wo àwọn èèyàn.

"Kí ló sọ?" ni Bàbá bèèrè, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ó ní: 'Mi ò lè so yín pọ̀.'"

"Kí ló dé?"

"Ó ní..." Mùsílíù yí ojú kúrò lára tẹlifísọ̀n. "Ó ní: 'Èmi kì í ṣe àlùfáà. Mo ti jẹun nílé yín, ẹ ti sọ àṣírí yín fún mi, èmi kì í sì í ṣe àlùfáà.'"

Ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde lórí tẹlifísọ̀n, ṣùgbọ́n Mùsílíù kò túmọ̀ mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Èmi náà kì í ṣe pásítọ̀, sir. Mi ò ní ìjọ ní League City. Mùsílíù ni mò ń jẹ́. Mùsùlùmí ni mí. Ọmọ yín ni mo fẹ́ràn."

Ẹ̀rín ti parẹ́ lójú Bàbá.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Ọ." Láti oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá kò pè é ní "ẹ". Bùnmi gbọ́ ọ.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sir. Èmi ni mo dá a ṣe."

Bùnmi tẹjú mọ́ tẹlifísọ̀n bí ẹni pé ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un lórí rẹ̀. Àǹtí Helen ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ohun tí mo sọ fún ọ lẹ́yìnkùlé," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ó wà níkùn mi, sir. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Mi ò sọ ọ́ fún Bùnmi."

"Dìde. Máa lọ."

Mùsílíù dìde, ó pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá wọ yàrá rẹ̀. Àǹtí Helen, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa bá èèyàn ta ilé, gbé báàgì, ó ní òun fẹ́ fi ilé kan han oníbàárà, lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó wá ku Bùnmi nìkan pẹ̀lú fíìmù. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí i. Oníbúrẹ́dì dìde, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Ó rìn lọ bá olè tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó mú un lọ́wọ́, ó fà á lọ síta, síbi tí wọ́n ti tẹ́ tábìlì oúnjẹ sí, ó sì fa àga fún un. Èyí tó sanra? Ó ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Wọ́n fi í hàn lójú ọ̀nà eruku, ó ká aṣọ àlùfáà sókè dé orúnkún, ó ń sá lọ, kò wẹ̀yìn, ó ń kéré sí i títí tí fíìmù fi parí.

Ibi yìí ni ìyá rẹ̀ ti máa ń rẹ́rìn-ín jù. Bùnmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tó sanra yẹn. Òun gan-an ni.

Kò jókòó pẹ́. Ó lọ kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Dádì, èmi ni mo parọ́ náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé pásítọ̀ ni. Àǹtí Helen fún un ní orúkọ. Òun kò fẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti ń bẹ̀ mí pé ká sọ òtítọ́, èmi ni mo ń dá a dúró."

Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ lo parọ́, òun ló rù ú. O sì jókòó, ò ń wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

"Kí ló dé tí o fi parọ́ fún mi, Bùnmi?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, sir."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá ju irọ́ náà lọ. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún un? Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, mi ò gbàdúrà mọ́. Mò ń la ẹnu ní ṣọ́ọ̀ṣì lásán ni. Èmi tí mò ń wá ẹni tó mọ àdúrà í gbà."

"Kí ló sọ fún yín?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó tì mí." Bàbá mi orí. "Pásítọ̀ wo ló máa jókòó fún wákàtí kan tí kò ní ka ẹsẹ Bíbélì kankan? Ó yẹ kí n ti fura."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mùsílíù kò gbé ìpè Bùnmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ̀wé sí i lórí fóònù: *Mi ò kọ̀ ẹ́. Mo kàn fẹ́ gbélé fúngbà díẹ̀.* Bùnmi ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn nígbà ogún. Tí ó bá ti ní òun máa gbàgbé rẹ̀, á rántí bí ó ṣe fi orí gbá ọkọ̀. Tí ó bá ti ní òun máa wa ọkọ̀ lọ bá a, á rántí ohùn tó fi gbàdúrà níbi oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dúró. Bàbá pàápàá kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kẹrin, Bàbá wọ ṣòkòtò tó dáa, ó mú fìlà, ó ní:

"Gbé mi lọ sí Deer Park."

"Kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, sir?"

"Ṣé mo bi ọ́ nígbà tí ìwọ ń lọ?"

Bùnmi wa ọkọ̀ náà fún wákàtí kan àtààbọ̀. Wọ́n kọjá àwọn iléeṣẹ́ epo, páìpù lórí páìpù, èéfín funfun ń gòkè. Apartment Mùsílíù wà nísàlẹ̀ ilé, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Wọ́n bá a lórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń kírun ọ̀sán. Bùnmi fẹ́ pè é. Bàbá fi ìka sí ètè. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà, ó káwọ́ pọ̀ sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ó ṣe ń tẹ̀, bí ó ṣe ń foríkanlẹ̀, tó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó parí, Mùsílíù yí ojú sí ọ̀tún. Ó yí i sí òsì. Ó rí bàtà Bàbá Láyíwọlá.

Ó fò dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá kò gbá a mú.

"Nílé mi," ni Bàbá wí, "ohùn rẹ ń dún bí agogo. Lónìí mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ má bínú, sir."

"Mo bínú. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún Ọlọ́run bí mo ṣe bínú sí ọ tó, kí n tó mọ̀, ilẹ̀ ti mọ́, mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ìyàwó mi." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Dìde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àlháàjà ni wọ́n ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ló tọ́ mi. Mo ní ẹni tó mọ àdúrà í gbà ni mo fẹ́ fún ọmọ mi. Mi ò sọ ibi tó máa kọjú sí."

Bùnmi di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́," ni Bàbá ń bá a lọ. "Moses ni mo mọ̀. Ṣé ìyá rẹ wà láyé? Pè wọ́n fún mi. Ẹni tó bí ọ ló máa sọ ẹni tí o jẹ́ fún mi. Kí ẹ̀yin méjèèjì jáde síta."

Mùsílíù pe ìyá rẹ̀, ó fa fóònù lé Bàbá lọ́wọ́, òun àti Bùnmi sì jáde sí ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Oòrùn ń ta. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ sí.

"O bínú sí mi," ni Bùnmi wí.

"Mo bínú. Kì í ṣe torí irọ́, mo gbà láti pa á. Àmọ́ mo wà nílẹ̀, bàbá rẹ ní ta ló rán mi, ìwọ ń wo tẹlifísọ̀n."

"Mo mọ̀. Ojú ń tì mí títí di báyìí. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ yẹn náà. Ọkọ̀ rẹ ò tí ì dé freeway."

Mùsílíù wò ó, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. "Wọn ò sọ fún mi."

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan. O mọ irọ́ í pa jù, Mùsílíù. Ohùn yẹn ń bà mí lẹ́rù."

"Ó bà mí lẹ́rù jù ẹ́ lọ. Ó ń dùn mọ́ mi. Àgbàlagbà ń pè mí ní 'ẹ', wọ́n ń fi ẹran ńlá sínú àwo mi. Tí mi ò bá jáde nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá mo lè jáde mọ́." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Bùnmi, Mùsílíù Mákánjúọlá lorúkọ mi. Mi ò ní ìjọ. Mo ní ìyá kan, mo ní iṣẹ́ kan, mo sì..."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀."

"Parí ẹ̀."

"Mo fẹ́ kí o fẹ́ mi."

"Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí lo tún fẹ́ kí n sọ?"

Mùsílíù rẹ́rìn-ín, Bùnmi náà rẹ́rìn-ín, Mùsílíù sì gbá a mọ́ra níbẹ̀, níṣojú obìnrin kan tó ń kó ọjà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé láti sọ fún Bàbá, Bàbá na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Ó ti bọ́ bàtà. Ìyá Mùsílíù ń sọ ìtàn lórí fóònù nípa bí ọmọ òun ṣe bọ́ sínú kànga nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ó dáa, ìyá wa," ló ń wí. "Sátidé kejì nínú oṣù kẹsàn-án ni ìgbéyàwó. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Rárá, ẹ má ṣèyọnu, èmi ni màá sọ fún àwọn ọmọ."